Ìgbafẹ́ Pẹ̀lú Ọ̀rẹ́ ní Ìlú Ìbàdàn

Àwọn ọmọ ti ti iléèwé dé, oṣù Kẹjọ sì ti wọlé, ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ kí ó tó tún padà. Ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ọkàn mi lónìí kì í ṣe ti ìṣèlú, kì í sì í ṣe ti ọjà. Ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ ni, èyí tí ó yẹ kí àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ wa jọ máa ṣe ní ìlú yìí àti àyíká rẹ̀, tí a kò sì ń ṣe. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo gbé dé. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ní sùúrù kí ó kà á dé ìparí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, iléèwé kan náà ni a jọ lọ. Dùgbẹ̀ ni òun ti ń tajà, èmi sì ń gbé Mọ́níyà níbí. Ó lé ní ogún ọdún tí a fi ń bá ara wa ṣe àdéhùn pé, bí ọlidé bá dé, a ó jọ gun Láyípo ní Òkè Ààrẹ, nítorí pé àwa méjèèjì kò gùn ún rí. Lọ́dọọdún ni ó ń wí pé, "Bí ọjà bá dẹwọ́." Èmi náà a sì wí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé a kì í rí ara wa o. A ń rí ara wa níbi ìkómọ, níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú, a ó sì wọ aṣọ kan náà. Ṣùgbọ́n ìlù kì í jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ohùn ẹnì kejì. A ó wí pé, "Ẹ kú ìnáwó," a ó jẹun, oníkálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rẹ́ mi yìí kú. Àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ péjọ, a dá aṣọ, a ṣe é ní ẹ̀yẹ. Ní ọjọ́ náà ni mo ṣírò rẹ̀ pé owó aṣọ tí mo wọ̀ yẹn ìbá ti gbé àwa méjèèjì dé Òkè Ààrẹ ní àìmọye ìgbà. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ogún ọdún tiwa, a kò ṣeré fún ọjọ́ kan péré.

Kì í ṣe èmi nìkan ni ó jẹ̀bi ọ̀ràn yìí. Láti ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 2021, tí a ti ṣí ọ̀nà rélùwéè titun láti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, Mọ́níyà wa níbí ni ọkọ̀ náà ń já èrò sí, ní ibùdókọ̀ tí a fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti Èkó wá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn, tí wọ́n ń bèèrè ọ̀nà Láyípo àti ọ̀nà Agódi lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí. Àlejò ti wo ìlú wa tán, àwa onílé ń wí pé kò sí ibi tí a lè lọ. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń wí yìí kò tilẹ̀ jìnnà.

Ní ọdún tí ó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ó kù dìde, a lọ. Ilé ìṣọ́ gíga ni Láyípo. Ọdún 1936 ni a kọ́ ọ ní ìrántí Kápútéènì Robert Lister Bower, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Ajẹ́lẹ̀ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn ní ọdún 1893. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ìdí nìyí tí àwọn ará ìlú fi sọ ọ́ ní Láyípo. Nígbà tí a dé òkè, a rí òrùlé páànù tí ó ti pọ́n bí ilẹ̀, títí ojú kò fi lè ríran mọ́. A rí Gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní ọdún 1929. A rí Ilé Kòkó alájà 26 tí a kọ́ parí ní ọdún 1965 láti inú èrè oko àwọn baba wa. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa ti na ọwọ́ sí apá Ògùnpa, tí ó wí pé níbẹ̀ ni òun ti ṣe alááru ní ọlidé kan láti fi san owó iléèwé òun. Ogójì ọdún ni a ti jọ ń jẹ tí a jọ ń mu, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ ọ rí. Kò sí àpéjẹ tí ó lè mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu ènìyàn.

Ẹ̀yin ará Mọ́níyà, Ojóò àti Sásá, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, wà ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí a ń gbà lójoojúmọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà. Adágún omi wà níbẹ̀, igbó tí a kò jẹ́ kí a gé sì wà níbẹ̀. Nínú igbó náà ni a ti ń rí ẹyẹ kékeré kan tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Ìbàdàn pè ní ọdún 1958. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo ayé tí ó ń gbé bí kò ṣe gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kọ́kọ́ bèèrè àṣẹ lẹ́nu géètì. Ní òdì kejì Agbowó ni Unifásítì wà pẹ̀lú ọgbà ẹranko rẹ̀. Ọgbà Agódi náà ń bẹ, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Àkúnya omi Ògùnpa ti ọdún 1980 gbá ọ̀pọ̀ ẹranko rẹ̀ lọ. Ìjọba tún un ṣe, a sì tún un ṣí ní ọdún 2014.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan sí i. Ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ ni omi Ògùnpa ti ọdún 1980 yẹn ya, ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011 sì ni omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní ìlú yìí. Nítorí náà, bí òjò tilẹ̀ dáwọ́ dúró, kí a máa wo ojú ọ̀run, kí a má sì jókòó sí etí odò. Kí a lọ ní ọ̀sán, kí a sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò wí pé owó ọkọ̀ ti wọ́n láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà títí di ìsinsìnyí, aṣọ ẹbí mélòó ni a ti rà? Ẹni tí ó rí owó aṣọ kò lè wí pé òun kò rí owó bọ́ọ̀sì. N kò wí pé kí a má ṣe òkú, n kò sì wí pé kí a má kó ọmọ jáde. Àṣà wa ni. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀rẹ́ tí a kì í rí àfi níbi ìnáwó, a kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Gbogbo ẹgbẹ́ tí ń dá àjọ ní ìlú yìí, kí wọ́n yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún. Kí wọ́n máa dá owó díẹ̀díẹ̀ fún un bí wọ́n ti ń dá ti ìnáwó. Kí oníkálukú gbé oúnjẹ láti ilé rẹ̀, kí a mú àwọn ọmọ wa lọ́wọ́, kí wọn lè mọ ìlú tí a bí wọn sí, kí wọn sì mọ ọ̀rẹ́ baba àti ọ̀rẹ́ ìyá wọn. Kí a má gbé ìlù lọ.

Bí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ pe ọ̀rẹ́ kan, kí ẹ sì dá ọjọ́ fún un. Ẹ má ṣe wí fún un pé, bí ọjà bá dẹwọ́. Ọjà kì í dẹwọ́.

Èmi ni tiyín,
ARÁ MỌ́NÍYÀ