Kì í ṣe ìwé nìkan ló yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ etí ọ̀sà máa kọ́ ọmọ

Etí odò kan tí wọ́n ń pè ní Charles, nílùú Cambridge lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí MIT wà. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣeré lórí omi náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n George Owen, tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ló ya àwòrán irú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò di okùn ìgbòkun mú rí láyé rẹ̀ lè dara pọ̀ mọ́ wọn, wọn yóò sì kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ eré nìkan kọ́ ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Òfin MIT ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ tó 100 yáàdì, tàbí kó lọ kọ́ ọ ní kíláàsì, kó tó lè gboyè. Bó ti wù kó mọ ìṣirò tó, bí kò bá tíì ṣe èyí, iṣẹ́ ṣì kù.

Ọlọ́run kò fi omi dun ilẹ̀ Yorùbá. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962, fẹ̀yìn ti ọ̀sà ní Akọka. Àwọn baba ńlá Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ti ń ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ wọn kí ẹ́ńjìnnì tó dé. Láti ọdún 1932 ni Lagos Yacht Club náà ti wà l'Èkó, ṣùgbọ́n ọmọ tálákà mélòó ló mọ ojú ọ̀nà ibẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń kó àwọn èrò bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù sínú odò Ọya ní agbègbè Pátégì, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ̀mí tó lé ní 100 ló bá a lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa lágbàáyé lọ́dún 2021, àti pé mẹ́sàn-án ó lé nínú mẹ́wàá wọn ló wà lórílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́.

Àwọn àgbà kan yóò ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbéraga ni òwe náà ń bá wí. Kò ní kí ọmọ má mọ̀wẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò rówó tún yàrá ìkàwé ṣe, ibo ni yóò ti rówó ra ọkọ̀? Kò dìgbà tí wọ́n bá ra ti òyìnbó. Ọkọ̀ apẹja mélòó kan, láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó pé iye èrò, àti àgbà apẹja tí wọ́n ń sanwó fún bí olùkọ́, ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ tó wà létí omi, láti Èkó títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí lílúwẹ̀ẹ́ ṣáájú, kí ìgbòkun tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé, omi kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwé ẹ̀rí.