Ọwọ́ Tó Mú Gègé Lè Mú Sípánà

Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ọ rí? "Bí o kò bá kàwé, ìdí mẹkáníìkì ni màá mú ọ lọ!" Bàbá mi sọ ọ́ fún mi ní Ìbàdàn. Ojú tì mí láti sọ pé èmi náà ti sọ ọ́ fún ọmọ mi ní Houston níhìn-ín, lọ́jọ́ tó mú èsì ìdánwò tí kò dára wálé. Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí, pádì bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo sì fẹ́ fi bá a jà.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro nígbàkígbà tí mo bá tẹ bíréèkì. Mo so táì mọ́rùn, mo gbé e lọ sí ilé àtúnṣe kan. Èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, jókòó nínú yàrá tútù, a ń wo tẹlifísọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n mú ìwé owó wá: $410, fún ẹ̀yìn nìkan. Mo san án. Bí a ti ń lọ lójú ọ̀nà Bissonnet, ọmọ náà bi mí pé, "Dádì, kí ni wọ́n ṣe sí i gan-an?"

N kò rí èsì fọ̀. Èmi tí mo ń fi ìṣirò owó jẹun, tí n kì í buwọ́ lu ìwé oníbàárà láìrí rìsíìtì, mo sanwó fún ohun tí n kò rí, tí n kò mọ̀, tí n kò sì béèrè.

Bàbá mi tó fi mẹkáníìkì dẹ́rù bà mí sàn jù mí lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ra ẹ̀yà ara Peugeot 504 rẹ̀. Á jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgòrò, á máa ka nọ́ọ̀tì bí wọ́n ti ń tú u. Èyí tó ti bàjẹ́, á gbé e wálé. Kò fọwọ́ kan irin, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ní tiwa, ọwọ́ kò sí níbẹ̀, ojú pàápàá kò sí níbẹ̀.

Níbo ni ẹ̀gàn yìí ti wá? Kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa. Àwọn tó ń bọ Ògún, tó ń fi irin búra títí dé inú kóòtù, kò lè ka ẹni tó ń mú irin sí ẹni yẹpẹrẹ. Ìgbà tí òyìnbó dé ni akọ̀wé di ọ̀gá, tí aláṣọ òróró di ẹni ẹ̀yìn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955, ohun rere ńlá ni, n kò bá a jà. Àwa òbí la fi ìwé ṣe àkàbà, tí a sì fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe kòtò tí ẹni tó bá já láti orí àkàbà yóò ṣubú sí.

Ẹ tún wo èyí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìpínlẹ̀ Texas ti fòpin sí àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò. A ṣì ń san $7.50 dípò rẹ̀. Ní Harris àti Fort Bend, a ṣì ń yẹ èéfín wò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí òfin rán mọ́ láti wo bíréèkì ọkọ̀ ilé wa. Ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró ti di ọ̀rọ̀ ìwọ tó ni ọkọ̀.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan láàárín wa. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akáúntáǹtì, ẹ ó ba ṣẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ o." Ó kọ́ mi.

Ó ní ẹ̀yìn ló ń tan ọlọ́gbọ́n jẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ a wọ́ síwájú, bíréèkì iwájú a sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ènìyàn a wá gbàgbé ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni bíréèkì ọwọ́ máa ń wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, písítìnì ẹ̀yìn kò ṣe é fi ipá tì wọlé bíi ti iwájú: yíyí ni wọ́n ń yí i, bí ìdérí ìgò. Bí bíréèkì ọwọ́ bá sì jẹ́ oníbọ́tìnnì, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ sí ipò àtúnṣe bí ìwé rẹ̀ ti wí. Ẹni tó bá fi agídí ṣe é yóò ra kálípà tuntun. Ó tún ní kí n má ṣe wo pádì ti ìta nìkan, nítorí ti inú lè ti jẹ tán nígbà tí ti ìta ṣì nípọn. Bí ó bá ti ku bíi mìlímítà mẹ́ta, ó tó pààrọ̀.

Àwọn kan á ní owó wákàtí àwọn nídìí iṣẹ́ ju èyí lọ. Ìṣirò nìyẹn, iṣẹ́ mi sì ni. Nígbà tó kan ọkọ̀ ìyá àwọn ọmọ, $48 ni mo ra pádì. Mo yá irinṣẹ́ tó ń yí písítìnì ní AutoZone. Nígbà tí mo dá a padà, wọ́n dá owó ìdógò mi padà. Wákàtí mẹ́ta ni mo lò ní àárọ̀ Sátidé tí ǹ bá fi wo bọ́ọ̀lù. Èwo ni mo pàdánù?

Àwọn mìíràn á ní ó léwu. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá gbára lé jáàkì nìkan ń fi ẹ̀mí ṣeré: orí ẹsẹ̀ irin ni ká gbé ọkọ̀ lé, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ká fi òkúta dí táyà iwájú. Ká dẹ nọ́ọ̀tì kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Ká fi wáyà so kálípà kọ́, kó má fi rọ́bà ọ́ìlì rọ̀. Ká má fẹnu fẹ́ eruku rẹ̀: ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tó de asbestos chrysotile, títí kan ti inú bíréèkì tí wọ́n ń tà fún àtúnṣe ọkọ̀. Kí gírísì má kan pádì. Apá kan ni ká tú lẹ́ẹ̀kan, kí apá kejì jẹ́ àwòkọ́ṣe. Kí ọkọ̀ tó ṣí, ká tẹ bíréèkì títí yóò fi le lẹ́sẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ayálégbé ni kò sì gbà kí a tún ọkọ̀ ṣe nínú ọgbà. Ẹni tí kò láàyè, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, kó gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kó lọ bíi bàbá mi: kó ní kí wọ́n fi pádì àtijọ́ han òun, kó béèrè iye mìlímítà tó kù.

Ọmọbìnrin mi ló ṣe apá kejì lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ń gbé iná fún un. Kò tún ní bi mí pé kí ni wọ́n ṣe sí i. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ẹ̀yin òbí, ẹgbẹ́ wa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ijó àti ìlù, ó dára. Ẹ jẹ́ ká bẹ àwọn mẹkáníìkì àárín wa kí wọ́n fún wọn ní Sátidé kan. Àwọn tí a ń sáré tọ̀ lọ bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn la ń fi wọ́n sí nígbà tí a bá ń pe Dókítà àti Ẹnjiníà sí hái tébù. Àwọn ọmọ wa ń wò wá. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní ilé tèmi, a kò tún fi ìdí mẹkáníìkì halẹ̀ mọ́ ọmọ mọ́. Ilé tiyín ńkọ́?