Olùkọ́ Tí Irun Orí Rẹ̀ Ń Re

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n lè dàbí ohun kékeré lójú ẹni tí irun kún orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn ni ó mọ̀ bí ó ti tóbi tó.

Ní sáà tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wa, ẹni tí ó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ, jáde lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Irun orí rẹ̀ ti re ní ibi mẹ́ta, róbótó róbótó, fìlà ni ó sì fi ń bò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, nígbà tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ péjọ fún àdúrà, ó di dandan kí ó ṣí fìlà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èyí kò yà wá lẹ́nu, nítorí ọmọdé ni wọ́n. Ohun tí ó dùn wá ni pé olùkọ́ kan tí ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí bi í ní gbangba bóyá làpálàpá ni, ó sì fa àga tirẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa padà dé, ó ní òun yóò fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. A wí fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n òwe nìkan kò tó láti tu irú ọkàn bẹ́ẹ̀ nínú, nítorí náà ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí ń mú irun re kò jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin púpọ̀ ń di apárí nítorí pé ó wà nínú ìdílé wọn. Ti ọ̀rẹ́ wa yàtọ̀: agbára tí ń bá àrùn jà nínú ara ni ó ṣì irun mú bí ọ̀tá. Irú èyí kì í ràn rárá. Làpálàpá orí ni ó ń ràn, oògùn gbígbémì sì máa ń wò ó sàn. Ibà líle tàbí ìbímọ a máa mú irun re lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà a tún hù. Oògùn àrùn jẹjẹrẹ pẹ̀lú a máa gbọn irun dànù.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ gbọ́ èyí dáradára. Irun dídì tí a fà le jù, àti èyí tí a so mọ́ irun wúwo, a máa fa irun iwájú orí àti ti ẹ̀bá etí tu. Ní ọdún 1907 ni oníṣègùn kan ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin Greenland, tí wọ́n ń di irun wọn le sókè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé irun wa ni ó ní àbùkù. Fífà ni ó fà á. Bí a bá dẹ̀ ẹ́ ní kùtùkùtù, irun yóò padà. Bí ó bá pẹ́, ojú ibẹ̀ yóò dí, kò sì ní hù mọ́. Ẹ sọ fún onídìrí yín pé kí ó dẹwọ́, àní bí ó tilẹ̀ bínú.

Nítorí náà, kí ẹni tí irun rẹ̀ ń re tètè lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ní ọdún 1988 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí minoxidil tí a ń fi pa orí, àti ní ọdún 1997 sí finasteride tí àwọn ọkùnrin ń gbé mì. Wọn kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, bí a bá sì dá wọn dúró, irun tí wọ́n mú hù yóò tún re. Ẹni tí ó bá ń ta òróró kan ṣoṣo fún gbogbo orí, owó oṣù yín ni ó ń wá.

Ṣé kí a wá bo orí ni, tàbí kí a má bò ó? Ìdáhùn wa ni pé ọwọ́ ẹni tí ó ni orí ni ó wà. Fìlà, gèlè, wíìgì, tàbí kí a kúkú fá a: kò sí ẹ̀tàn nínú ọ̀kankan. Àwọn agbẹjọ́rò wa ń dé wíìgì wọ ilé-ẹjọ́, kò sì sí ẹni tí ń béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Ìyáàfin Ayanna Pressley, aṣòfin kan ní Amẹ́ríkà, ṣí wíìgì rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, ó sì sọ ohun tí ó ṣe irun òun. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn ènìyàn rẹ̀ tún dìbò yàn án.

Àwọn mìíràn yóò wí pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ dára ní wíwò, kí àwọn ọmọ lè bọ̀wọ̀ fún un. A gbà pé òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ fífọ̀, èékánná gígé àti bàtà dídán wà ní ìkáwọ́ wa. Irun kò sí ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni. A sì bẹ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n yọ̀ǹda fìlà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Ọlọ́run tí ń gbọ́ àdúrà kò ní kọ̀ ọ́ nítorí fìlà aláìsàn.

Ní ti àwọn ọmọ, gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn tí ó fi Èlíṣà ṣe ẹlẹ́yà ní ọ̀nà Bẹ́tẹ́lì, pé béárì méjì jáde sí wọn. Àwa kò fẹ́ kí a fi béárì dẹ́rù ba ọmọ kankan. Kí olùkọ́ sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ní kúkúrú, pé irun òun ń re, pé kì í ràn, kí ó sì kọjú sí ẹ̀kọ́. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, wọn yóò ti gbàgbé.

Àwọn àgbà ni ẹ̀rù wọ́n ń bà wá. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣeé kó mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan dájọ́ pé fífi orí pípá bú ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ jẹ́ ìyọlẹ́nu tí ó lòdì sí òfin. Ṣé ó di ìgbà tí adájọ́ bá sọ ọ́ kí àwa tí a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó mọ̀ ọ́n?

Ní sáà tí ń bọ̀, ọ̀rẹ́ wa yóò tún jáde. Ó ti gbà láti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ni a rán an sí, ẹ fún un ní àga, ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.