Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣe Ẹ̀dà Àwo CD Ẹgbẹ́ Wa

Ẹ̀yin ará, ohùn àwọn àgbà wa tó ti sùn wà nínú àwo CD ẹgbẹ́, àwo a sì máa bàjẹ́. Àwọn kan ní kí a dúró de owó. Èmi kò gbà.

Nígbà tí mo lọ ra ọjà ní Onitsha, ilé tí mo wọ̀ sí ní Awada ni mo ti rí cdrecord, ètò kọ̀ǹpútà tí Jörg Schilling ará Jámánì ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ni a ń tẹ̀ sí i, yóò sì kọ àwo. Ní 2006 àwọn Debian tún un ṣe, wọ́n pè é ní wodim. Àṣẹ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀dà méjì-méjì kí ọdún yìí tó parí. Ṣùgbọ́n tiwa nìkan ni o: ẹni tó bá da fíìmù oníṣẹ́ kọ láìgbàṣẹ, olè ni.