Ẹgbẹ́ Mélòó Ló Yẹ Kó Kọjá? Èrò Wa Lórí Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ẹlòmíì lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló pa ìwé ìròyìn òṣèlú pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ iléèwé. Ó kàn wá dáadáa. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pín àyè, tí àyè ọ̀hún ò sì tó gbogbo èèyàn, òṣèlú ti wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó ń lọ lẹ́nu àwọn òbí àti olùkọ́ rèé: bí àwọn CEG kómúùnù wa bá ti bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù tán, ẹgbẹ́ mélòó ló yẹ kó kọjá lọ pàdé ti àwọn kómúùnù yòókù ní Collines? Ṣé ẹni tó ṣe ipò kìíní nìkan ni, àbí ká ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíì náà?

Àwọn tó ní kí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní ẹjọ́ rò, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn ná. Gbogbo ìdíje tí a bá fi kún un ló máa gba ọjọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ, BEPC àti BAC ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Owó ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, owó oúnjẹ, omi mímu, àti oògùn fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ. Wọ́n tún ní bí gbogbo èèyàn bá ń kọjá, ta ló máa wá làágùn? Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ní ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, CAN, ti ọdún 2019, orílẹ̀-èdè 24 ló wá. Wọ́n gbá ìdíje 36 ní ìpele ìsọ̀rí, ẹgbẹ́ 8 péré ni wọ́n sì rí lé sílé nínú gbogbo ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń fẹsẹ̀ fa bọ́ọ̀lù nílẹ̀ kí ó lè di ọ̀mì, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀mì máa tó wọn.

Àmọ́ ta ló jẹ àǹfààní ìlànà yẹn jù? Àwa ọmọ Benin ni! Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa, tí à ń pè ní Écureuils nígbà yẹn kí wọ́n tó sọ ọ́ di Guépards, ta ọ̀mì mẹ́ta: 2-2 pẹ̀lú Gánà, 0-0 pẹ̀lú Guinea-Bissau, 0-0 pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Kò borí ẹnì kankan, ipò kẹta ló wà. Bó bá ṣe pé ipò kìíní àti ìkejì nìkan ló ń kọjá, ilé ni ì bá gbà lọ. Ṣùgbọ́n ìlànà sọ pé àwọn mẹ́rin tó dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kẹta náà á kọjá. Ó kọjá, ó pàdé Mòrókò tó ti borí nínú ìdíje rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, wọ́n ta ọ̀mì 1-1, Benin sì fi pẹ̀nárítì lé Mòrókò sílé, 4-1. Ìgbà tó di ìpele àwọn mẹ́jọ tó kù ni Sẹ̀nẹ̀gà tó ṣẹ́gun wa pẹ̀lú góòlù kan péré. Ẹni tó bá sọ lónìí pé ẹni kẹta kò yẹ lẹ́ni tó ń kọjá, kó rántí bí a ṣe jó lójú títì lọ́dún yẹn.

Ìjà lórí iye àyè yìí ti wà látọjọ́ pípẹ́. Fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1966, FIFA kò fún Áfíríkà ní àyè kankan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Wọ́n ní kí ẹni tó bá gbégbá orókè ní Áfíríkà tún lọ bá ará Éṣíà jà kó tó lè dé ibẹ̀. Àwọn àgbà Áfíríkà, pẹ̀lú Gánà ti Kwame Nkrumah níwájú, ní àwọn ò lọ mọ́. Nígbà tó fi máa di 1970, Áfíríkà ti gba àyè kan, Mòrókò ló sì lò ó. Fún ti 2026, àyè 9 tó dájú ló kàn wá. Bí wọ́n bá ti gba ohun tí wọ́n fún wọn ní 1966 tí wọ́n dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí a ò bá wà.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Kómúùnù 6 ló wà ní Collines: Ṣábẹ̀, Ìdáàṣà, Glazoué, Savalou, Bantè àti Ouèssè. Bí kómúùnù kọ̀ọ̀kan bá mú ẹgbẹ́ kan wá, 6 ni. Nínú ìdíje a-bá-ọ-lé-ọ, 6 máa di 3, 3 ò sì ṣeé pín sí méjì. Ó di dandan kí wọ́n fi ìbò mú ẹgbẹ́ kan tàbí méjì jókòó kí wọ́n kọjá láì gbá bọ́ọ̀lù. Èwo ni ti ìyẹn? Bí kómúùnù bá mú méjì méjì wá, 12 ni, yóò sì gba ìdíje 11 kí a tó mọ ẹni tó gba ife. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún àpò wa àti fún ìwé àwọn ọmọ.

Èrò tiwa ni pé kí ó jẹ́ 8. Kí àwọn 6 tó gba ipò kìíní kọjá, kí á sì fi 2 tó dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kejì kún un. 8 á di 4, 4 á di 2, 2 á di 1, láì sí pé ẹnì kan jókòó. Ìdíje 7 ni gbogbo rẹ̀, méjì péré ló fi ju ti ẹgbẹ́ 6 lọ. Torí pé iye iléèwé kò dọ́gba láti kómúùnù dé kómúùnù, kí wọ́n pín àmì tí ẹgbẹ́ ipò kejì kọ̀ọ̀kan rí sí iye ìdíje tó gbá, ìyẹn ni kí wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Bí méjì bá ṣì dọ́gba, kí wọ́n gbá ẹyọ ìdíje kan. Ẹnikẹ́ni má fi ìbò yan ọmọ tó ti làágùn. A mọ̀ pé kómúùnù kan lè le ju òmíràn lọ, kí ẹni kejì tibẹ̀ sì sàn ju ẹni kìíní ibòmíì. Ìdí nìyẹn tí a ò fi fẹ́ kí ilẹ̀kùn ọ̀hún ha jù.

Ẹ tún wo àwọn ọmọ tó ń kàwé ní Kaboua tàbí ní Okpara. Iléèwé tó wà láàárín ìlú ní ọmọ púpọ̀ láti ṣà, ó sún mọ́ pápá, ó sún mọ́ ẹni tó ń wò. Bó bá jẹ́ àyè kan ṣoṣo ni, ọdọọdún ni ó ṣeé ṣe kí iléèwé ńlá kan náà máa gbé e lọ. Ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà, gbogbo iléèwé ni wọ́n jẹ́ kó wọ ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì kan náà nígbà náà. Ní 1954, iléèwé Milan, tí ọmọ 161 péré wà níbẹ̀, borí Muncie Central tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, 32 sí 30. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí, ojú wa ti rí i níbòmíì. Ní oṣù Kẹrin 2019, ẹgbẹ́ òṣèlú 2 péré ló rí àyè díje sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Union Progressiste mú àga 47, Bloc Républicain mú 36, ó parí. Nínú èèyàn 100 tó lè dìbò, bí 27 ló jáde. Ohun tó tẹ̀ lé e ní Ṣábẹ̀ níbí ní oṣù Kẹfà, kò sí ìdílé tó gbàgbé, a ò ní tú u síta lónìí. Ní 2023, ẹgbẹ́ 7 ló díje, 3 ló wọlé. Òfin 2024 tún ti fa ilẹ̀kùn padé díẹ̀: ìdá 20 nínú 100 ní àgbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bèèrè, àyàfi bí ẹgbẹ́ bá ti bá òmíràn ṣe àdéhùn. Ìdìbò kì í ṣe bọ́ọ̀lù, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé kò sí bí òun ṣe lè kọjá, kò ní wá sí pápá mọ́. Bó bá sì wá, inú rẹ̀ ò ní dùn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí àwọn tó ń ṣètò kọ iye ẹgbẹ́ tó máa kọjá sílẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri CEG kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fọn fèrè àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i padà láàárín eré. Ìkejì, kí ìlànà tí a bá fi fún àwọn ọmọkùnrin náà jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá a. Ìkẹta, ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ̀ tó wà ní Kùtọnu, ní Paràkú àti lẹ́yìn odi, ẹ bá wa dá owó ọkọ̀ fún àwọn iléèwé tó jìnnà. Bí a bá ní ẹgbẹ́ kejì lè kọjá, tí kò sì sí ọkọ̀ tó máa gbé e, ẹnu lásán la fi fún un láyè.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ ká pe ìpàdé, ká fẹnu kò sí iye kan, ká sì fi ránṣẹ́ sí mẹ́ẹ̀rì àti àwọn olùdarí iléèwé kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó wọlé. Ẹni tó bá ní iye tó dára ju 8 lọ, kó mú un wá, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. A máa gbọ́ ọ.