Àwọn tí A Kò Rí Mọ́ ní Ìpàdé

 Ọ̀rọ̀ tí a ní lónìí lè korò díẹ̀ létí àwọn kan. Ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ni.

Ní òkè Ọya yìí, ohun méjì péré ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ń fi ìwé orúkọ ṣe. Wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó san owó oṣù, wọ́n sì fi ń mọ ẹni tí yóò san ìtanràn nítorí pé kò wá sí ìpàdé. Bí ẹnì kan bá pa ìpàdé mẹ́ta jẹ, akápò yóò sọ iye tí ó jẹ ẹgbẹ́ láì ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n bóyá onítọ̀hún jẹun lánàá, kò sí ẹni tí ó mọ̀.

Àwa tí a jẹ́ Kristẹni kò ní àwáwí lórí ọ̀ràn yìí, nítorí irú ẹjọ́ yìí gan-an ni ó bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù. Ẹ ó rí i nínú ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Oríṣi ọmọ-ẹ̀yìn méjì ni ó wà nílùú náà. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ilé, èdè ilé ni wọ́n ń sọ. Àwọn mìíràn ní gbòǹgbò ní òkèèrè, èdè Gíríìkì ni ó wà lẹ́nu wọn. Ojoojúmọ́ ni a ń pín oúnjẹ fún àwọn opó, ṣùgbọ́n a ń fo àwọn opó ti àwọn elédè Gíríìkì dá. Lúùkù tí ó kọ ìwé náà kò sọ pé ẹnikẹ́ni kórìíra wọn. Ó kàn sọ pé a gbójú fò wọ́n ni. Ó rọrùn láti mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀: opó tí ó ní ẹbí nílùú ní ẹni tí yóò bá a wí tẹnu rẹ̀, opó àtìpó, ta ni yóò wí tirẹ̀?

Ohun tí àwọn Àpọ́sítélì ṣe sí i ni ó wù wá jù. Wọn kò pe àwọn tí ń kùn ní onírúgúdù. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje. Ẹ wo orúkọ wọn: Stefanu, Filipi, Prokoru, Nikanori, Timoni, Parmena, àti Nikola ará Antioku. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ni fi gbà pé inú àwọn tí a gbójú fò gan-an ni a ti yan àwọn tí yóò máa wo àwùjọ. A kò kà á níbẹ̀ pé oúnjẹ pọ̀ sí i. Ojú tí ń wò ni ó pọ̀ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé rírí lásán ti tó. Àlùfáà àti ọmọ Léfì rí ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà lù ní ọ̀nà Jẹ́ríkò. Wọ́n rí i dáadáa kí wọ́n tó gba òdìkejì kọjá. Arọ tí a ń gbé sí ẹnu-ọ̀nà tẹ́ḿpìlì ti ju ọmọ ogójì ọdún lọ, àwọn ènìyàn sì mọ̀ ọ́n ní ojú, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Pétérù àti Jòhánù dúró, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn. Àwọn baba wa ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà.

Ní ilé baba ẹni, ebi kì í pamọ́. Bí èéfín kò bá rú lẹ́yìnkùlé, ìyá ilé kejì yóò béèrè. Níhìn-ín, yàrá kan ni àtìpó ní, àgádágodo kan ni ó fi ń tì í. Ó ti sọ fún àwọn ará ilé pé ọjà ń tà. Bí Kérésìmesì bá dé, yóò ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun wá. Ikú yá ju ẹ̀sín ni ó ń bá kiri. Ìpàdé ẹgbẹ́ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ pa tì, nítorí pé owó oṣù ń dúró dè é níbẹ̀, ankó ń dúró dè é, ìdáwó ìsìnkú ń dúró dè é. Ẹ wo télọ̀ tí ń fi ẹ̀rọ amúnáwá ṣiṣẹ́. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà bẹtiróòlù kan kò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti kọjá 500 ní òkè Ọya, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti kọjá 1,000. Ẹni tí ń mú aṣọ wá rán kò lè sọ owó ìránṣọ di ìlọ́po márùn-ún fún un. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá di àwátì, ìwé ìtanràn ni a fi ń ránṣẹ́ sí i!

Ọ̀ràn àwọn opó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, a ó pa màlúù, a ó háyà àga, a ó wọ ankó. Lẹ́yìn èyí, akọ̀wé yóò fa ìlà lé orúkọ rẹ̀. Ta ni ó ń kọ orúkọ ìyàwó sí ipò rẹ̀? Bí ìyàwó náà bá sì jẹ́ ọmọ ìhín, bí ó jẹ́ Bírọ́ọ̀mù tàbí Tífì tí ọkọ rẹ̀ nìkan so mọ́ wa, ọjọ́ ìsìnkú ni púpọ̀ nínú wa ń rí i mọ. Ó di opó elédè Gíríìkì láàárín àwa tí a jẹ́ àtìpó fúnra wa.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ àtìpó ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín Yorùbá. Àwọn ènìyàn wa tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí a sì sọ̀ sí Freetown ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí a ń pè ní Àkú, dá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n ń dá owó fún ẹni tí àìsàn bá dá dùbúlẹ̀, wọ́n sì ń dá fún ìsìnkú. Àjàyí Crowther tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1822 jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ìsìnkú nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òde òní mú dání.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní bí a bá fi ọwọ́ rọ òfin, ẹgbẹ́ yóò tú. Ẹni tí ó ní tí kò fẹ́ san, kí ó san ìtanràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀ kí a tó mọ èwo ni tirẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ìjọ ni èyí, àti pé àwọn Mùsùlùmí àárín wa ní sàká tiwọn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò rí ní ìpàdé nítorí ankó, a lè má rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìdáwó ìkórè.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ènìyàn méjì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò wá, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ará àdúgbò rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe kó èrò lẹ́yìn, kí wọ́n má sì ya fọ́tò ìrẹsì tí wọ́n gbé lọ fún un láti fi sí orí fóònù ẹgbẹ́. Kí a kọ orúkọ opó sí abẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, a ó bẹ akọ̀wé kí ó ka orúkọ gbogbo àwọn tí kò wá láti Ọjọ́ Àjíǹde, kí ó má sì ka gbèsè tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí alága béèrè ẹni tí ó mọ ilé rẹ̀.