Kí Àpótí Sípíkà Wa Lè Pẹ́: Bí A Ṣe Ń Kun Ún Ní Ọ̀dà Ṣákiṣàki

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kan ọ̀pọ̀ ilé, ó sì kan ọ̀pọ̀ ìjọ pẹ̀lú. Ó ti di àṣà láàárín wa láti ra ojú sípíkà, èyí tí ó ń dún gan-an, ní ọjà bí Àlàbá ní Èkó, kí a sì gbé iṣẹ́ àpótí rẹ̀ fún káfíńtà àdúgbò, tàbí kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kàn án fúnra wọn. Èyí dára, nítorí pé ó ń dín ìnáwó kù. Ìparí iṣẹ́ ni ìṣòro máa ń wà. Wọn a kan àpótí tán ní ọjọ́ Ẹtì, wọn a fi ọ̀dà dúdú pa á lójú ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Àìkú, ó ti wà ní ìta gbangba níbi ìsọjí. Kí òjò ọdún kan tó lọ, etí àpótí ti wú, ọ̀dà ti ń ṣí, ohùn sì ti ń gbọ̀n. Owó tí àwọn ènìyàn fi làálàá dá jọ ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Kí ni àpótí wà fún?

Kí a tó sọ̀rọ̀ ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a fẹ́ dáàbò bò. Nígbà tí ojú sípíkà bá ń mì, bí ó ti ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni ó ń fà á ní ẹ̀yìn. Bí afẹ́fẹ́ iwájú bá lè pàdé ti ẹ̀yìn, wọn yóò pa ara wọn, pàápàá ní ohùn ìsàlẹ̀ tí a ń pè ní béèsì. Ìdí nìyí tí ojú sípíkà tí kò sí nínú àpótí fi máa ń dún bí agolo. Àpótí ni ó ń ya iwájú kúrò lára ẹ̀yìn, nítorí náà pákó rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, oríkèé rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dí pinpin.

Ọ̀dà kì í sọ sípíkà tí kò dára di èyí tí ó dára. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti má jẹ́ kí omi, eruku àti ìkọlù ba pákó jẹ́. Àwọn àgbà wa sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Àpótí tí oríkèé rẹ̀ ń jò kò ní tìtorí ọ̀dà dí.

Èéṣe tí ó fi jẹ́ ọ̀dà ṣákiṣàki?

Ọ̀dà tí ó ń dán máa ń fi gbogbo ìhà tí ohun kan bá ti ha á hàn. Rọ́ọ̀gì tí àwọn kan fi ń bo àpótí a máa gba eruku sára, bí òjò bá pa á kì í tètè gbẹ, aáyán sì fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀. Aṣọ aláwọ bíi ti àga ọkọ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ya ní igun kan, yóò máa ṣí lọ ni.

Ọ̀dà tí ó ki, tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki bí èèpo ọsàn, lẹ̀ mọ́ pákó láìsí àlàfo. Ó ń bo àléébù kéékèèké, kì í dán sí ojú àwọn ènìyàn, bí igun kan bá sì ha, a lè fi ọ̀dà díẹ̀ tọ́ ọ ṣe láìtún gbogbo àpótí kùn.

Irú ọ̀dà tí ó wà

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń kan àpótí fúnra wọn mọ Duratex dáadáa. Ní Jámánì, wọ́n mọ Warnex. Omi ni a fi ń po àwọn méjèèjì, kì í ṣe tínà, a sì ń fi rólà kùn wọ́n. Àwọn kan tún ń lo ọ̀dà tí a ṣe fún inú ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ó le púpọ̀, ṣùgbọ́n òórùn púpọ̀ nínú wọn lágbára. Èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, tí a ń pè ní polyurea, jẹ́ omi méjì tí ẹ̀rọ gbígbóná ń pò pọ̀ ní ẹnu ìbọn ọ̀dà, tí ó sì ń le láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé.

Bí ẹ kò bá rí ọ̀dà tí a ṣe fún sípíkà, ẹ lè lo ọ̀dà olómi tí ó dára, irú èyí tí a ń fi kun ìta ilé, kí ẹ má là á lómi, kí ẹ sì fi rólà fóòmù tí ojú rẹ̀ ní ihò ihò kùn ún. Ṣákiṣàki rẹ̀ yóò mọ níwọ̀n. Ọ̀dà tẹ́ksíkóòtù ti ara ògiri ní ṣákiṣàki ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ògiri kì í rìn. Lára àpótí tí a ń gbé sókè sódò, ó lè máa bó ní igun. Ẹ fi í mọ sí àpótí tí kò ní kúrò lójú kan.

Ìpalẹ̀mọ́ ni iṣẹ́

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ tú ojú sípíkà, wáyà, ìdìmú àti àwọ̀n irin kúrò. Ẹ má ṣe kùn ún pẹ̀lú ojú sípíkà nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀dà tí ó bá kán sí ara bébà rẹ̀ yóò mú kí ó wúwo, yóò sì ba ohùn jẹ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé láti inú. Ẹ fi bọ́dì-fílà tí àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe ń lò dí ojú ìṣó àti súkúrù. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà há a kí ó tẹ́jú.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ gé ẹnu etí àpótí kí ó rí roboto díẹ̀, bíi mílímítà 6. Ọ̀dà máa ń sá kúrò lórí etí tí ó mú, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ bó.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ kíyè sí irú pákó tí ẹ lò. Pláíwúùdù jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ra ní ìpele ìpele; ó fúyẹ́, ó sì lágbára. MDF jẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi tí a fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Ojú rẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n etí ibi tí a ti gé e máa ń mu omi bí kànìnkànìn, bí ó bá sì ti wú, kì í padà sí bí ó ti wà. Ẹ fi sándin-sílà tí àwọn tí ń kun àga ń lò pa etí náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ máa fi sáńpépà há a láàárín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà nìkan, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń rọ̀ bí omi bá pẹ́ lára rẹ̀.

Ní ìparí, ẹ fi sáńpépà 120 há gbogbo ara àpótí, kí ẹ sì nu eruku rẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ fi téèpù bébà bo ibi tí ojú sípíkà yóò jókòó sí. Bí ọ̀dà ṣákiṣàki bá wà níbẹ̀, sípíkà kò ní jókòó dáadáa, afẹ́fẹ́ yóò sì máa gba ibẹ̀ jò.

Bí a ṣe ń kùn ún

Ẹ ṣírò ọ̀dà kí ẹ tó rà á. Àpótí tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó fẹ̀ ní 40, tí ó sì jìn ní 40, ara rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin 1.28. Méjì jẹ́ 2.56. Bí a bá kùn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó di 5.12. Ẹ wá wo ara agolo kí ẹ mọ iye tí lítà 1 lè kùn. Ọ̀dà tí ó ki kì í lọ jìnnà bí ti ògiri lásán.

Ẹ fi pákó àfọ́kù dán an wò ná. Ìkùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kí ó lè wọnú pákó. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà há irun pákó tí ó dìde. Ìkùn kejì ni yóò ní ṣákiṣàki. Ẹ jẹ́ kí rólà mu ọ̀dà yó, kí ẹ kun ojú kan tán kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn, kí ẹ sì parí rẹ̀ pẹ̀lú yíyí fẹ́ẹ́rẹ́ ní ọ̀nà kan náà. Bí ojú ọ̀dà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, ẹ má padà síbẹ̀ mọ́. Rólà yóò fa á ya ni. Ẹ yọ téèpù kí ọ̀dà tó le tán.

Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ ìbòji, ni ó dára jù. Ní ìgbà ọyẹ́, ọ̀dà máa ń tètè gbẹ jù, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ìgbà òjò, kì í fẹ́ gbẹ.

Ẹ ní sùúrù

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Pé ọ̀dà kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti le. Inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí a bá to àpótí méjì léra ní ọjọ́ kejì, wọn yóò lẹ̀ pọ̀. Bí a bá yà wọ́n, ọ̀dà yóò bá a lọ. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 1 ó kéré tán, kí ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ bí òjò bá ń rọ̀. Bí ìsọjí bá wà ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni ó yẹ kí a ti kun àpótí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kan ẹsẹ̀ rọ́bà sí ìdí rẹ̀ kí ó má jókòó sínú omi, kí ẹ sì ran ìbòrí fún un. Ọ̀dà dúdú a máa gba ooru, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀ nínú oòrùn.

Ẹ ṣọ́ ẹ̀mí àwọn ọmọ iṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ ẹlòmíràn ni ọmọ tí ń ha pákó nínú ìsọ̀ yín. Ní ọdún 1995, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ní ọdún 2004, ó ka formaldehyde náà mọ́ wọn, èyí tí ó sábà máa ń wà nínú gọ́ọ̀mù MDF. Ẹ ra ìbòmú tí a ṣe fún eruku fún wọn. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó. Ẹ há pákó ní ìta.

Polyurea àti púpọ̀ nínú ọ̀dà ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ní isocyanate, tí ó lè fa ikọ́ fée tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ìbòmú eruku kò lè dí i. Bí ẹ kò bá ní ohun èlò tí ó yẹ, ẹ fi ọ̀dà olómi ṣe é. Ẹ má sì gbé sítóòfù tàbí iná èédú sún mọ́ ibi tí a ti ń lo tínà, kódà bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ. Èéfín tínà a máa gbaná lójijì.